Ta Ni A Lè Tà? Ọ̀rọ̀ Ẹrú àti Ìfọ́ká Ọ̀yọ́ Ilé



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ Òkè-Ògùn kì í yé bi babaláwo, pàápàá bí ìtàn bá délẹ̀ tí orúkọ Ọ̀yọ́ Ilé sì jáde nínú rẹ̀: ṣé òótọ́ ni pé èpè Aláàfin Aólẹ̀ ló tú ilẹ̀ Yorùbá ká? Ẹni tó béèrè sábà máa ń fẹ́ kí n dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, kí n ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé olúwo ni pé, bí aláìsàn bá jókòó síwájú ọpọ́n, ibi tó ń dùn ún ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lè má jẹ́ ibi tí àrùn ti wọlé. Èpè Aólẹ̀ ni ibi tó dun Yorùbá. Ibi tí àrùn ti wọlé ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí. Ọjà ni, Àpòmù sì ni orúkọ ọjà náà.

Kí a tó dé ọjà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí àwọn bàbá wa ń pè ní ẹrú, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí a máa da ẹrú pọ̀ mọ́ ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí gbèsè tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá san owó tán, yóò padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á, ẹni tó bá tà á ti dá ọ̀ràn. Ẹrú kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ogun ni wọ́n ti mú un, tàbí kí wọ́n fi owó rà á láti ọ̀nà jíjìn, kò sì sí bàbá, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí olórí ẹbí nítòsí tí yóò bá a rojọ́. Ẹrú kan lè ga ju olóyè lọ. Bí ìlàrí Aláàfin bá gun ẹṣin wọ ìletò, baálẹ̀ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ẹrú ni, ẹrú ọba. Ṣùgbọ́n àti ìlàrí àti ẹni tó ń gé koríko ẹṣin, ohun kan náà ló mú wọn di ẹrú: wọn kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

Nítorí náà, òfin tí Ọ̀yọ́ ní lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé kí a má ta ènìyàn. Ohun tó sọ ni pé kí a má ta ọmọ Ọ̀yọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìjà tí mo fẹ́ ròyìn dá lé lórí.

Nígbà Aláàfin Abíọ́dún, ẹni tó gba agbára padà lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà ní 1774 tó sì wàjà ní 1789, òwò ẹrú ti di òwò ààfin. Àwọn òyìnbó wà ní etí òkun ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn àgùdà ń pè ní Porto Novo. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ láti Ọ̀yọ́ Ilé gba apá ìwọ̀-oòrùn, láàárín pápá oko tiwa yìí, kó tó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kó kọjá lójú ọ̀nà náà jẹ́ ará òkè ọya àti agbègbè rẹ̀: Haúsá, Nupé, Ìbàrìbá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń kó dé etí òkun. Ọ̀yọ́ fi ọ̀pọ̀ wọn pamọ́ sílé, nítorí ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, ìhà àríwá ni ẹṣin sì ti ń wá, àwọn ará àríwá ló mọ ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn ẹrú Haúsá ló ń tọ́jú ẹṣin, àwọn ló ń da màlúù, àwọn ló ń lọ́ okùn, àwọn náà ni onígbàjámọ̀. Kò sí ilé ọlọ́lá kan tí kò ní irú wọn. A ó padà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àpòmù wà lábẹ́ Ifẹ̀, ibẹ̀ sì ni Ọ̀yọ́, Òwu, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná ọjà. Níbi tí ilẹ̀ mẹ́rin bá ti pàdé, ó rọrùn kí ènìyàn sọnù. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ mọ èyí dáadáa: wọn a gbé ará Ọ̀yọ́ lọ́jà, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀nà òkun ló kù. Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni àti Olówu pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n máa jí àwọn ènìyàn òun tà níbẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n sì pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù.

Ẹni tí òfin náà kọ́kọ́ mú ní pàtàkì, ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ni. Aólẹ̀ kò tíì jọba nígbà náà, ó ń ṣòwò káàkiri bí àwọn ọmọ ọba mìíràn. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, tí àwọn àgbà Ọ̀yọ́ náà ń sọ, ni pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ lọ sí Àpòmù, ó sì ta ọ̀rẹ́ náà. Kì í ṣe ọ̀tá ló tà, kì í ṣe àlejò. Ẹni tó bá a rìn wá sọ́jà ni. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó Baálẹ̀ létí, Baálẹ̀ wá ọ̀rẹ́ náà rí, ó gbà á sílẹ̀, ó mú ọmọ ọba, ó sì ní kí wọ́n nà án. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Baálẹ̀ ló jẹ́. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe bíi tirẹ̀, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀.

Ní 1789, Aólẹ̀ gun orí ìtẹ́. Ó jẹ́ àṣà pé kí wọ́n bi ọba tuntun léèrè ẹni tí í ṣe ọ̀tá rẹ̀, kí ogun àkọ́kọ́ lè lọ síbẹ̀. Aólẹ̀ dárúkọ Àpòmù. Ẹ wò ó, ọba Ọ̀yọ́ fẹ́ fi ogun Ọ̀yọ́ pa ìlú tó dáàbò bo ọmọ Ọ̀yọ́, nítorí pé ìlú náà kò jẹ́ kí òun ta ọmọ Ọ̀yọ́. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni ní Ifẹ̀. Nígbà tó rí i pé bí òun bá yè, ìlú òun yóò parun, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé orí òun lọ fún Aláàfin kí inú rẹ̀ lè rọ̀. Orúkọ Aólẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ Baálẹ̀ yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni mo kà sí ẹni tó ṣe bí ọba nínú ìtàn náà.

Orí Baálẹ̀ kò tẹ́ Aólẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀tá mìíràn wà tó fẹ́ pa rẹ́: Àfọ̀njá ti Ìlọrin, ẹni tó fi agbára gba oyè Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò. Kakaǹfò kò gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ọba bá rán an, kò sì gbọ́dọ̀ padà wálé láìṣẹ́gun. Nítorí náà, ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ wá ibi tí kò ṣeé ṣẹ́ fún un. Ìwéré ni wọ́n mú, ìlú olókè, èyí tí a mọ̀ sí Ìwéré-Ilé ní agbègbè wa lónìí. Ibẹ̀ ni ìlú ìyá Aláàfin Ajagbó. Ọmọ ogun dé ìtòsí, wọ́n gbọ́ ibi tí wọ́n ń rán wọn lọ, wọ́n kọ̀. Dípò kí wọ́n gun òkè Ìwéré, wọ́n pa àwọn tó jẹ́ ti ọba láàárín wọn, wọ́n kọjú padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aólẹ̀. Ohun tí igbá òfìfo túmọ̀ sí kò ṣòro fún Aláàfin láti mọ̀.

Kó tó mu oògùn ikú, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó sì ṣẹ́ èpè pé bí ọfà náà ti lọ ni kí a máa kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú lọ. Ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀ ní ojú wọn, ó ní igbá tó fọ́ ṣeé gán, àwo tó fọ́ kò ṣeé lẹ̀. Nǹkan bí 1796 ni èyí ṣẹlẹ̀.

Èmi kò ní kẹ́gàn èpè. Àṣẹ ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹni tó bá sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n èpè a máa rin ọ̀nà tí ọmọ aráyé bá ti là sílẹ̀. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ ti wà kí Aólẹ̀ tó yọ ọfà. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ti wà. Ọjà tí wọ́n ti ń ta ènìyàn ní àríwá ti wà. Ẹnu tó ṣẹ́ èpè pé kí a kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú, ẹnu náà ló ti dá owó lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ní Àpòmù. Aólẹ̀ kò dá ohun tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ di ohun tí gbogbo ìlú gbọ́.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Àfọ̀njá rò pé òun ni wọn yóò fi jọba. Wọn kò fi í jẹ. Ó padà sí Ìlọrin, ó sì dá dúró, àwọn aláàfin kúkúrú-kúkúrú tẹ̀lé ara wọn ní Ọ̀yọ́ Ilé láìrí i mú. Nígbà tó yá, ó rí i pé agbára òun nìkan kò tó. Ó pe Ṣọlágbẹ̀rù, olórí àwọn Yorùbá ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, ó pe àáfà Fúlàní kan tí wọ́n ń pè ní Àlímì. Ní nǹkan bí 1817, wọ́n kéde ohun tí kò sẹ́ni tó kéde irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́: ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ tó wá jà fún Ìlọrin ti di òmìnira.

Ẹ rántí àwọn tí mo ní a ó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin gbọ́, ó gun ẹṣin náà lọ. Darandaran gbọ́, ó fi màlúù sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbọ́, ó ká abẹ rẹ̀. Wọ́n ń pe ara wọn ní Jàmáà. Òrùka irin ńlá méjì, tí wọ́n ń pè ní kẹńdé, ni àmì wọn, wọn a sì lu ọ̀kan mọ́ èkejì láti fi kí ara wọn. Ìtàn náà sọ pé àwọn kan nínú wọn padà sí ìlú tí wọ́n ti sìn, àní sínú ilé tí wọ́n ti sìn gan-an, wọ́n sì fi í ṣe ibùwọ̀. Olówó tó ti ṣe dáadáa sí ẹrú rẹ̀, ẹrú náà a dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Olówó tó ti rorò, ojú rẹ̀ rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ń ka ibí yìí, mo máa ń rò ó pé kò sí ìdájọ́ mìíràn tí ó yára bẹ́ẹ̀.

Nípa bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè pín. Apá kan ni àwọn olówó ẹrú, tí wọ́n rí i pé owó wọn ń dìde fúnra rẹ̀, ó ń gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Apá kejì ni Àfọ̀njá, ọmọ Yorùbá, olóyè ogun Aláàfin, tó ń fi ẹrú àwọn ará ilé rẹ̀ jagun. A ní ẹ̀rí ọkùnrin kan tó wà láàárín rògbòdìyàn náà. Ali Eisami ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Borno. Wọ́n mú un nígbà ogun àwọn Fúlàní, wọ́n tà á títí tó fi dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì sìn níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ìròyìn òmìnira tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú, ọ̀rẹ́ olówó rẹ̀ gba olówó náà nímọ̀ràn pé kó tètè tà á, nítorí ojú rẹ̀ là, yóò sá lọ sójú ogun, owó a sì ṣègbé. Wọ́n dè é lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ olówó rẹ̀ sì mú un lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ tó gbé e lójú òkun, ó sì dé Freetown ní 1818, níbi tó ti di William Harding. Koelle, oníwàásù ará Jámánì, ló kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854.

Ìkéde kan náà tó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di òmìnira ló mú kí wọ́n ta òun. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ẹni mélòó ni wọ́n tà báyìí nítorí pé ojú wọn là, tí kò sí Koelle kankan láti gbọ́ tiwọn?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Àfọ̀njá ń jà kí òwò ẹrú lè tán. Kò fẹ́ kó tán. Ẹrú ẹlòmíràn ló dá sílẹ̀ láti fi kó ẹrú tirẹ̀. Àwọn Jàmáà kò ní oko, wọn kò ní ẹbí nítòsí, ohun tí wọ́n bá rí kó ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń kó o lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Fágbóhùn, olórí Jàbàtà, kìlọ̀ fún Àfọ̀njá pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní ká àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́ bó bá yá. Ìkìlọ̀ náà fẹ́ gba ẹ̀mí Fágbóhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí Àfọ̀njá rí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà tó sì ń múra láti tú wọn ká, wọ́n ti gbọ́. Ẹni tó ti di òmìnira nípa ogun, báwo ni yóò ṣe gbà kí wọ́n ní kó padà sídìí ẹṣin? Ní nǹkan bí 1824 wọ́n ká Àfọ̀njá mọ́lé. Ó jà bí akọni, wọ́n ní ọfà tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò tètè ṣubú. Wọ́n sun ún. Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ Abdulsalami ọmọ Àlímì, kò sì padà sọ́wọ́ Ọ̀yọ́ mọ́. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní January 1826, gbọ́ láti ẹnu àwọn ará ibẹ̀ pé àwọn ẹrú Haúsá tó ṣọ̀tẹ̀ tí wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ Fúlàní ló ń da ilẹ̀ láàmú.

Wàyí o, apá tí ó kan wa jù. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, a fẹ́ràn láti sọ ọ́ bí ẹni pé Ìlọrin nìkan ni ogun ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821, ogun dé Oṣóògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Lára àwọn tí wọ́n mú ni ọmọkùnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Àjàyí yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó sọ irú ẹni tí ogun náà jẹ́: Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́, Fúlàní, àti àwọn ẹrú àjèjì tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Wọ́n tó 20,000 gẹ́gẹ́ bí òun ti fojú bù ú, wọn kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n máa kó ènìyàn tà fún àwọn òyìnbó etí òkun. Ó sọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ náà. Ìsẹ́yìn ni. Ibẹ̀ ni ogun náà ti ń pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn, níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, inú ẹni tó gba ẹṣin kò dùn sí i, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì gba ọmọ padà.

Ẹ tún un wò. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin fún olówó rẹ̀ ní àná ti wà nínú ogun tó ń fi ọmọ ènìyàn gba ẹṣin. Òfin àtijọ́ ní kí a má ta ọmọ Ọ̀yọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ sì wà láàárín àwọn tó kó Oṣóògùn, ìlú Ọ̀yọ́. Ìbéèrè àwọn ará Àpòmù, ta ni a lè tà, ti ní ìdáhùn tuntun: ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀.

Ní àwọn ọdún tó yí 1820 ká yìí kan náà ni Àpòmù tún gbiná. Gbọ́mọgbọ́mọ kò yé jí ará Ọ̀yọ́ níbẹ̀, àwọn olóyè Ọ̀yọ́, Oníkòyí ni ọ̀kan nínú wọn, sì ní kí Olówu bá wọn dá a dúró. Òwu lọ, ó jó àwọn ìlú Ifẹ̀ kan. Ifẹ̀ kó ogun wá, Òwu lé e padà. Lẹ́yìn náà ni aáwọ̀ kan tún ṣẹlẹ̀ lórí ataare ní ọjà Àpòmù, láàárín ará Ìjẹ̀bú àti ará Òwu, ni Ìjẹ̀bú bá dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀. Ìjẹ̀bú ní ìbọn, nítorí òun ló súnmọ́ òyìnbó, ẹrú ló sì fi ń ra ìbọn náà. Wọ́n dó ti Òwu títí ebi fi pa wọ́n, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má tún kọ́lé síbẹ̀. Òwu tó jáde ogun kí wọ́n má baà máa ta ará Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ni wọ́n wá ń dè lọ sí etí òkun. Àwọn ogun tó tẹ̀lé e, tó fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tó sì sọ Ìbàdàn di ibùdó ogun, ó gùn ju ohun tí mo lè rò tán níhìn-ín.

Àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun, wọ́n bá ara wọn pàdé lọ́hùn-ún. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó, Yorùbá ni wọ́n, wọ́n sì wà nínú ìlú kan náà, nínú ìdè kan náà, pẹ̀lú Haúsá tí ó ti lè ṣe ẹrú bàbá wọn. Ní òru 24 mọ́jú 25 January 1835, ọ̀pọ̀ Nàgó Mùsùlùmí pẹ̀lú àwọn Haúsá kan dìde ní Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀. Wọn kò ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn olówó ẹrú ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ní Cuba, ọ̀nà yìí náà ni Ifá gbà dé ibẹ̀. Adéṣínà, ọ̀kan nínú àwọn babaláwo tí Ifá ilẹ̀ náà ti ọwọ́ wọn jáde, tí wọ́n sọ ní Remigio Herrera, ẹrú ni wọ́n kó o lọ. 1905 ló tó kú. Nígbà tí inú àwọn awo ẹgbẹ́ mi bá ń dùn pé Ifá ti kárí ayé, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n rántí iye tí wọ́n san ní ọjà fún ẹni tó gbé e lọ.

Ọ̀yọ́ Ilé kò pẹ́ lẹ́yìn náà. Ó tẹrí ba fún Ìlọrin, ó sọ̀tẹ̀, ó ké sí àwọn Ìbàrìbá fún ìrànlọ́wọ́. Aláàfin Olúewu bá ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ lọ ní nǹkan bí 1835, àwọn tó kù sì fi ìlú sílẹ̀ fún koríko. Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọjà. Ní agbègbè tiwa, àwọn ènìyàn sá gun òkè. Òkè Adó-Àwáyé gba àwọn tó ń sá. Ní Òkèihò, ìletò púpọ̀ kó ara wọn jọ sórí òkè kan ṣoṣo, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ìlú wà lónìí àfi lẹ́yìn rògbòdìyàn 1916. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, olúwo mi a máa rán wa lọ já ewé lẹ́yìn ìlú, a sì máa ń fi ẹsẹ̀ kọ ọlọ àti àpáàdì níbi tí kò sí ilé kankan. Bí a bá bi í, yóò ní, "Ahoro ni." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì kó ewé wa máa bọ̀.

Àjàyí gba Ìjàyè àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé Èkó, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn, ó sì gbìyànjú lójú ọ̀nà láti fi ìgbànú rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sí Ìjàyè, wọ́n mú un kọjá láàárín Oṣóògùn tó ti jóná. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ àgùdà tó gbé e, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Sierra Leone. Ní August 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ti di àlùfáà ní Abẹ́òkúta nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, tó sì wá a wá. Láàárín àkókò náà, wọ́n ti mú Àfàlá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì ti tà á. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn kọ́kọ́ fojú kan ara àwọn. Àwọn jókòó, àwọn ń wo ara àwọn.